Ilé Ẹmu, Ilé Ọ̀rọ̀: Àbẹ̀wò sí Ìdí Ẹmu ní Ajégúnlẹ̀ àti Àpápá

  

Nígbà tí ẹgbẹ́ yín ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àjọ̀dún ti ọdún yìí, ẹ ní kí n mú ohunkóhun tó bá kan ìtàn àdúgbò wa. Mo lè mú ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, nítorí ta ni kò mọ̀ pé láti Ajégúnlẹ̀ ni Samson Siasia, Taribo West àti Odion Ighalo ti jáde? Mo lè mú ọ̀rọ̀ orin, kí n sọ ti Daddy Showkey àti ijó gàlálà. Àwọn wọ̀nyẹn ti ní olùsọ. Ibi tí mo fẹ́ mú yín lọ lónìí, àwọn òpìtàn wa kì í sábà yà síbẹ̀. Ìdí ẹmu ni.

Mo mọ̀ pé àwọn kan lára wa kì í fi ọtí kan ẹnu. Mo bọ̀wọ̀ fún ìgbàgbọ́ yín, n kò sì wá polówó ọtí. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kò ju báyìí lọ: nínú ìlú tó jẹ́ pé ibòmíràn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ibẹ̀ ti wá, ìdí ẹmu ni àlejò ti kọ́ bí a ṣe ń di aládùúgbò. Ètò tó wà níbẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, ẹmu fúnra rẹ̀ kọ́. A sì ń jẹ́ kí ó pa rẹ́ láìkọ ojú ìwé kan nípa rẹ̀.

Ìdí ẹmu àwọn ará Ireland

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rìn jìnnà díẹ̀, ká lè fi ìdí ẹmu wa wé ti àwọn ẹlòmíràn. Erékùṣù kékeré kan wà ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní Ireland. Àwọn fadá àti sísítà láti ibẹ̀ ló kọ́ ọ̀pọ̀ àwọn àgbà wa níwèé. Ní àwọn abúlé ilẹ̀ náà, ilé ọtí àtijọ́ kan wà tí ará ìlú kò lè ṣe aláìní. Ní ayé àtijọ́, bí ẹ bá wọlé, ọjà ni ẹ ó kọ́kọ́ bá pàdé: tíì, ṣúgà, ìṣó, okùn, oúnjẹ ẹran ọ̀sìn. Ní apá kejì ni wọ́n ti ń bu ọtí. Orúkọ ẹni tó ni ilé ni wọ́n ń kọ sókè ilẹ̀kùn. Ilẹ̀ àbàtà tí wọ́n gé, tí wọ́n sá gbẹ, ni wọ́n fi ń dá iná tí gbogbo ilé ń yá. Ní àwọn abúlé kan, ẹni tó ń ta ọtí náà ló tún ń ṣètò ìsìnkú fún àwọn oníbàárà rẹ̀.

Nígbà tí alẹ́ bá lẹ́, ẹnì kan á yọ fáólìn, òmíràn á yọ fèrè, ẹlòmíràn á gbé ìlù aláwọ ewúrẹ́ tí wọ́n ń pè ní bodhrán sórí itan. Kò sí pèpéle, kò sí ẹni tó bẹ̀ wọ́n, kò sì sí ẹni tó sanwó fún wọn. Bí èèyàn mẹ́rin bá jókòó, olúkúlùkù ní ìgbà tirẹ̀ láti ra ọtí fún gbogbo wọn, ẹni tó bá mu ti àwọn yòókù tán tó sì yọ́ lọ kí ó tó kàn án, orúkọ rẹ̀ ti bàjẹ́ lábúlé. Òfin ẹ̀sìn náà ní àyè tirẹ̀: láti ọdún 1927 títí di 2018, ilé ọtí kì í ṣí ní Ireland ní ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n kan Jésù mọ́ àgbélébùú.

Ẹ ó rí i pé àwọn èèyàn yìí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí wa. Wọ́n ní ògógóró tiwọn, poitín ni wọ́n ń pè é. Ìjọba fi òfin dè é ní ọdún 1661, wọn ò dá a sílẹ̀ títí di 1997, síbẹ̀ wọn ò yé sè é nínú igbó ní gbogbo ọdún tó wà láàárín. Ọmọ Ìlàjẹ àti ọmọ Ùròbò tó wà níbí yóò mọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn amúnisìn fi ọlọ́pàá lépa àwọn baba wọn lórí ọ̀rọ̀ kan náà.

Okùn mìíràn tún wà láàárín wa, ó sì gba ẹnu ọ̀nà wa níbí kọjá. Ní ọdún 1759, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Arthur Guinness gba ilé ìpọntí kan ní Dublin, ìwé àdéhùn ẹgbàá mẹ́rin ààbọ̀ ọdún ló sì fọwọ́ sí, ìyẹn ọdún 9,000. Nígbà tó di 1827, ọtí dúdú rẹ̀ ti dé Sierra Leone. Nígbà tó yá, ó dé Èkó nínú ọkọ̀ òkun. Ní ọdún 1962, ilé-iṣẹ́ náà kọ́ ibùdó ìpọntí sí Ìkẹjà, èyí àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn Ireland àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ìjọba wa dá kíkó ọkà báálì wọlé dúró ní 1988, ọkà tiwa ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi pọn ọ́. Ọtí dúdú náà, Ọdẹ́kù tí ẹ̀ ń bá nídìí ẹmu lónìí, ti di ọmọ onílé, ṣùgbọ́n ará Ireland ni baba rẹ̀.

Ìlú àwọn àlejò

Ilẹ̀ Àwórì ni ilẹ̀ tí a dúró lé lórí yìí, kò sì yẹ ká gbàgbé bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe dé ilé ẹjọ́. Ní ọdún 1913 ni ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ Àpápá fún iṣẹ́ ìlú. Olóyè Amodu Tijani, Olúwa ti Èkó, kò gbà. Ó pe ẹjọ́, ó sì bá ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1920, Herbert Macaulay sì tẹ̀ lé e lọ. Ní 1921, ìgbìmọ̀ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nínú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dájọ́ pé ilẹ̀ náà kì í ṣe ilẹ̀ tí kò ní olówó: ìdílé àti ará ìlú ló ni ín, ìjọba sì gbọ́dọ̀ san owó ilẹ̀ náà bí ó ṣe yẹ. Ní ọdún kan náà ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí wọ́ọ̀fù. Nígbà tó di 1926, àyè mẹ́rin tí ọkọ̀ ńlá lè gúnlẹ̀ sí ti wà ní Àpápá, rélùwéè sì ti ń gbé ẹ̀pà àti òwú wá pàdé ọkọ̀ níbẹ̀.

Ọkọ̀ kì í já ẹrù fúnra rẹ̀. Ọwọ́ èèyàn ló ń já a. Àwọn tó wá já a wá láti Ìlàjẹ, láti Warri, láti Ọwẹ́rì, láti Kàlàbá, láti Ìjẹ̀bú, láti Òkè Ọya. Àpápá níbi tí àwọn ọ̀gá ń gbé ní òpópónà tó mọ́, igi ìbòòji àti ilé ìgbafẹ́ tí alágbàṣe kò lè wọ̀. Alágbàṣe sọdá sí Ajégúnlẹ̀. Ibi tí a ń pè ní Boundary, ààlà gidi ni: Àpápá wà nínú agbègbè olú-ìlú, Ajégúnlẹ̀ sì wà lábẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn, títí tí wọ́n fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní oṣù Karùn-ún 1967. Ìyẹn ni pé èèyàn lè ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìjọba kan láàárọ̀ kí ó sì sùn lábẹ́ òmíràn lálẹ́. Nígbà ìkànìyàn 2006, èèyàn 684,105 ni wọ́n kà ní Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn, lórí ilẹ̀ tí ẹni tó bá tètè rìn lè la já kí oòrùn tó mú.

Ẹ bá mi ro ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó bá èèyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú yàrá kan. Ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ ni ìjọsìn. Ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú rẹ̀ di oṣù-oṣù. Ìdí ẹmu nìkan ló ń ṣí lójoojúmọ́. Ibẹ̀ ló ti ń gbọ́ pé ọkọ̀ wo ló ń bọ̀ lọ́la, fóómáànù wo ló ń mú èèyàn, ojúlé wo ni yàrá ti ṣófo. Bí ẹnì kan bá ń lọ sílé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi owó àti iṣẹ́ rán an. Ẹni tó mọ̀wé ń bá ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ka lẹ́tà. Alájọ ń gba owó àjọ níbẹ̀. Bí tọkọtaya bá jà, àwọn àgbà ìdí ẹmu ni wọ́n ń kọ́kọ́ sá bá, nítorí àgọ́ ọlọ́pàá ń gba owó, àwọn ẹbí sì wà lókèèrè. Ọ̀dọ̀ àwọn tó gbé ayé ìgbà náà ni mo ti gbọ́ nǹkan wọ̀nyí, tọkùnrin tobìnrin, ẹnu wọn sì kò ṣọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wọlé

Ẹ jẹ́ ká jọ lọ, ní nǹkan bí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ẹ rọra sọdá o, kẹ̀kẹ́ Márúwá pọ̀. A ti kọjá àwọn aláṣọ òkìrìkà, a ti kọjá èéfín àwọn ẹlẹ́ja gbígbẹ. A yà sí ọ̀nà kékeré kan. A fẹsẹ̀ tẹ pákó tí wọ́n fi ṣe afárá lórí gọ́tà, nítorí ilẹ̀ àbàtà ni ilẹ̀ wa, òjò tó bá rọ̀ níbí kì í tètè rí ọ̀nà lọ. Kò sí pátákó tó júwe ilé náà. Òórùn ẹmu àti òórùn pẹpẹsúùpù ló ń júwe rẹ̀.

Pákó ni ògiri, páánù ni òrùlé. Bẹ́ǹṣì yí ògiri ká, tábìlì kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba wà láàárín. Kẹ́ẹ̀gì ẹmu méjì wà nílẹ̀ lábẹ́ aṣọ tútù, asẹ́ wà lórí ọ̀kan, oyin kan ń rà bàbà yí i ká. Ẹmu náà ti rìn kí ó tó débí. Láti ẹ̀yìn odò àti láti àbàtà apá Badagry ni wọ́n ti ń gbé ògùrọ̀ wá. Ẹmu ọ̀pẹ gidi sì ń ti oko wá láti apá ibi tí ilẹ̀ ti gbẹ. Adẹ́mu ti fi igbà gun ọ̀pẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí omi ara ọ̀pẹ bá ṣe ń kán sínú akèrègbè ló ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í hó, láìsí pé ẹnikẹ́ni fi nǹkan kan sí i. Láàárọ̀ ó dùn bí omi ìrèké. Lọ́sàn-án ó ti ń ta ahọ́n. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ó ti di ọtí àgbà. Lọ́jọ́ kejì ó ti kan, èyí tó bá kù di ti ẹni tó fẹ́ sè é di ògógóró.

Obìnrin ló ni ilé náà. Orúkọ àkọ́bí rẹ̀ ni gbogbo èèyàn fi ń pè é. Mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí èyí dáadáa: fún ìgbà pípẹ́, ní ilé ọtí abúlé Ireland, inú yàrá kótópó kan tí wọ́n fi pákó dí ni obìnrin ń jókòó sí bí ó bá wọlé rárá. Níbi tiwa, obìnrin ni ọba ibẹ̀. Òun ló ń mọ ẹni tó lè rà láwìn àti ẹni tí kò lè rà. Òun náà ló ń sọ fún bàbá arúgbó pé, “Ẹ̀gbọ́n, ó tó báyìí, ẹ máa lọ sílé,” tí bàbá náà á sì dìde.

“Ẹ kú ìjókòó o!” Gbogbo ilé dáhùn. Ọmọ Yorùbá tó tẹ̀ lé wa fẹ́ẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin Ùròbò kan wọlé lẹ́yìn wa, ó tẹríba, ó ní “Mìgwo.” Bàbá tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri dá a lóhùn, “Vrẹndo.” Àwọn méjì ń ta dráàfù nígun, ìdérí ìgò ni wọ́n fi ṣe ọmọ rẹ̀, àwọn tí kò ta sì ń pariwo ju àwọn tó ń ta lọ. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí owó ilé tó tún ti lọ sókè. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí ọmọ ẹnì kan tó yege ìdánwò JAMB. Ẹnì kan ń ròyìn òkú tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sílé, fìlà ń yí ká láti ọwọ́ dé ọwọ́, olúkúlùkù ń ju ohun tó ní sínú rẹ̀.

Òfin tí kò sí nínú ìwé

Àwọn àgbà ní akèrègbè ló ń júwe ibi tí wọn ó fi okùn sí òun lọ́rùn. Bí o bá ṣe hùwà nídìí ẹmu ni wọ́n ṣe ń dá ọ lóhùn. Ẹni tó kéré jù ló ń bu ẹmu. Kí ó tó gbé e fún ẹnikẹ́ni, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú gbogbo èèyàn, kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kan àgbà. Àgbà á ta díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó ti lọ. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gba ìyẹn á kàn gbàdúrà, kò sí ẹni tó ń bá a jà. Ọwọ́ méjèèjì ni ọmọdé fi ń gbé ife fún àgbà. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ akèrègbè ní ẹni tó tọ́ sí. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ níbẹ̀ lọ́wọ́ ẹmu, a kì í gbé e délé lọ fi jà. Àlejò tó bá wọlé nígbà tí ẹmu wà nílẹ̀, wọn á bu tirẹ̀ fún un kí wọ́n tó bi í ní orúkọ.

Ìtàn kan wà tí gbogbo wa mọ̀, mo sì gbà pé òun gan-an ni ìpìlẹ̀ òfin wọ̀nyí. Ògún ń ti ogun bọ̀, ó yà sí Irè ní Èkìtì. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ó bá àwọn èèyàn níjòókòó, akèrègbè ẹmu dúró níwájú wọn, ṣùgbọ́n ọjọ́ àpéjọ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọhùn ni. Ó kí wọn, wọn ò dáhùn. Ó gbé akèrègbè, òfìfo ni. Ó rò pé wọ́n fi òun ṣẹ̀sín, ó sì yọ idà. Ìgbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀ ló tó mọ ohun tó ṣe, ó kábàámọ̀, ó sì wọlẹ̀ lọ.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń fi ìtàn yìí bá Ògún wí fún ìbínú rẹ̀. Mo rí nǹkan mìíràn nínú rẹ̀. Àlejò dé, akèrègbè wà nílẹ̀, ẹnu dákẹ́. Nínú èrò àwọn tó kọ́kọ́ sọ ìtàn náà, kò sí ohun tó burú tó ìyẹn. Òùngbẹ ẹmu nìkan kọ́ ló bí Ògún nínú. Bí ẹnì kan bá kí i pé, “Ẹ káàbọ̀, ẹmu ti tán o, ẹ jókòó,” bóyá ẹ̀jẹ̀ kì bá tí ta sílẹ̀. Níbi tí akèrègbè bá wà, ó yẹ kí àlejò bá ohùn èèyàn níbẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí orin fi ń ti ìdí ẹmu wá. Àwọn atukọ̀ Kúrù láti Làìbéríà ló gbé gìtá kiri àwọn èbúté Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ibi tí wọ́n ti ń ta ẹmu ni wọ́n sì ti ń ta á, tó fi jẹ́ pé orin ẹlẹ́mu ni ayé ń pè é títí dòní. Ní Èkó, Tunde King tí wọ́n bí ní 1910 kó àwọn ọ̀rẹ́ jọ ní Olówógbowó, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń mu ẹmu. Nígbà tó fi di 1936, wọ́n ti gbà á sínú àwo, wọ́n sì ń pè é ní jùjú. Ọ̀nà kan náà ni I. K. Dáíró, Ebenezer Obey àti Sunny Adé gbà kọjá. Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, tẹ ìwé jáde ní 1952 lórí ọ̀mùtí tó tọ adẹ́mu rẹ̀ lọ sí ìlú àwọn òkú. Kọ́lá Ògúnmọ́lá sọ ọ́ di eré orí ìtàgé ní 1963. Ní 1962, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ifẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tó fi ẹmu ṣe àmì, Kegites, ó sì tàn dé ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ẹ wo iṣẹ́ ọpọlọ tó ti ìdí akèrègbè kan jáde.

Ohun tó ń pa á

Mo ṣèlérí fún ara mi pé n kò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bo òtítọ́. Ọtí ń ba ilé jẹ́. Àwọn baba wa mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹ̀sìn àjèjì tó dé: wọ́n ní Ọbàtálá mu ẹmu yó lójú ọ̀nà nígbà tí wọ́n rán an láti wá dá ilẹ̀ ayé, iṣẹ́ náà bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, àwọn olùsìn rẹ̀ kì í sì í fẹnu kan ẹmu títí dòní. Ní oṣù Kẹrin 2015, èèyàn kú ní Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó lẹ́yìn tí wọ́n mu ọtí ìbílẹ̀ tí májèlé methanol wà nínú rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ fi òfin de ògógóró lóṣù Kẹfà ọdún náà. Àwọn tó kú náà ní ìyàwó, wọ́n ní ọmọ. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ ẹmu láìrántí wọn kò ṣe dáadáa.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń rọ́pò ìdí ẹmu. Ọtí inú ọ̀rá ni. Ọmọdé lè rà á lójú títì, kí ó fi eyín já a, kí ó fà á mu, kí ó ju ọ̀rá rẹ̀ sí gọ́tà, kí ẹnikẹ́ni má tíì wo ojú rẹ̀. Ní oṣù Kejì 2024, NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ipá mú òfin tó dè é ṣẹ, lẹ́yìn náà ni wọ́n tún sún ọjọ́ síwájú, a sì ń rí i lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ tírélà lójoojúmọ́. Nídìí ẹmu, ojú wà lára rẹ. Ìyá ẹlẹ́mu mọ ìyàwó rẹ. Bàbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri mọ baba rẹ. Ọ̀rá kò mọ ẹnikẹ́ni. Èyí gan-an ni mo fẹ́ kí àwọn àlùfáà wa gbé yẹ̀ wò pẹ̀lú mi: bí a bá ti ilé tó ní òfin pa, àwọn tó ń mutí kò ní lọ sílé. Ojú títì ni wọ́n ń lọ, níbi tí kò ti sí òfin kankan.

Sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ Àpápá náà kó nínú rẹ̀. Ẹmu tí mo ní ó ń kan ní wákàtí sí wákàtí yẹn, kí ni yóò ṣe lẹ́yìn tírélà tó to láti wọ́ọ̀fù dé Mile 2? Àwọn ọdún tí ọ̀nà náà burú jù lọ, kí wọ́n tó gbé ètò ìpe-ọkọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì kalẹ̀ ní 2021, ẹmu òwúrọ̀ ń dé ní alẹ́. Ẹlẹ́mu mìíràn wá ń bu omi àti ohun tó ń mú nǹkan dùn sí i kí oníbàárà má baà kọ̀ ọ́. Owó ilẹ̀ ń lọ sókè, wọ́n ń wó pákó, wọ́n ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù ìtatẹ́tẹ́. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọ inú àwọn tó kù, ó ń dún tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó jókòó tì ọ́ kò gbọ́ ohun tí o ń sọ. Akèrègbè wà nílẹ̀, ẹnu tún ti dákẹ́.

Ní Ireland náà, ilé ọtí abúlé ń tì. Òfin de sìgá mímu nínú wọn ní 2004, òfin awakọ̀ tó mutí le sí i, àwọn ọ̀dọ́ kó lọ sí ìlú ńlá. Ṣùgbọ́n wọn ò káwọ́ gbera. Ní abúlé Kilteely ní agbègbè Limerick, àwọn aládùúgbò dá owó jọ, wọ́n ra ilé ọtí abúlé wọn kí ilẹ̀kùn rẹ̀ má baà tì. Àwọn ọ̀mọ̀wé wọn ń gba orin ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń ya àwòrán ilé tó bá pẹ́, wọ́n ń kọ ìtàn ìdílé tó ni ín. Àlejò ń wọ ọkọ̀ òfuurufú láti Amẹ́ríkà kí ó lè wá jókòó síbẹ̀ nírọ̀lẹ́ kan.

Àwa ńkọ́? Mo bẹ ẹgbẹ́ yín ní nǹkan díẹ̀. Ẹ rán àwọn ọ̀dọ́ tó ní fóònù lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá ẹlẹ́mu tó ti dàgbà, kí wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀ ní èdè tí wọ́n bá fẹ́, Yorùbá, Ùròbò, Ìjọ̀ tàbí pijin. Díẹ̀ ló kù lára àwọn tó ta ẹmu fún àwọn òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀fù àtijọ́. Ẹ̀yin aṣojú ìjọba ìbílẹ̀, ẹ fún àwọn obìnrin yìí ní omi tó mọ́ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kí ẹ tó bèèrè owó orí lọ́wọ́ wọn. Ẹ rí sí i pé ọmọdé kò wọ ibẹ̀, kí ẹ sì máa yẹ ohun tí wọ́n ń tà wò. Ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn Àpápá, ẹ mẹ́nu ba ẹjọ́ Olúwa, ẹ mẹ́nu ba wọ́ọ̀fù, kí ẹ sì sọ ibi tí àwọn tó ń ru ẹrù náà ń jókòó sí nígbà tí iṣẹ́ bá parí.